Ta Ni Ó Ni Oore Náà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Bear àti Agbo Àgbọ̀nrín Artisarlook

Bí ẹnì kan bá run oúnjẹ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sọ ọmọ onílé di ẹni tí ń wá ohun tí yóò fi sẹ́nu kiri, tí ìyà sì wá yí padà há òun náà mọ́ ibi tí kò ti lè lọ síwájú, tí kò sì lè padà sẹ́yìn, ǹjẹ́ ẹni tí a ti kọ́kọ́ fi ebi pa jẹ ẹ́ ní gbèsè ìgbàlà bí? Ìbéèrè yìí rọrùn láti dáhùn nígbà tí ènìyàn bá jókòó nínú ìyẹ̀wù rẹ̀, tí ó yó, tí ara rẹ̀ sì móoru. Oníwàásù lè fi ṣe ìwàásù, onírònú sì lè fi pa ọ̀sán rẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1898, ní etíkun Alaska, níbi tí òtútù gbé ń mú omi òkun dì gan-an, a gbé e ka iwájú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Artisarlook àti Mary aya rẹ̀, a sì ní kí wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé dáhùn. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun kan ni ó gbé ìbéèrè náà wá bá wọn. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkọ̀ náà díẹ̀, kí n tó sọ ohun tí mo rí nínú ìdáhùn tọkọtaya yìí, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pa ìtàn náà ti fi adé oore dé orí ẹni tí kò ni ín.

Bear ni orúkọ ọkọ̀ náà. Dundee ní ilẹ̀ Skọ́tílándì ni wọ́n ti kàn án ní ọdún 1874 fún àwọn tí ń pa ẹran séálì nínú òkun yìnyín, ìdí sì nìyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi fi pákó óákù tí ó nípọn tó íǹṣì 6 ṣe ara rẹ̀, tí wọ́n tún fi igi mìíràn tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní aṣọ ìgbòkun, ó sì ní ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́. Bear ọmọ Dundee, akọ igi tí ń fàyà ti yìnyín, bí afẹ́fẹ́ kọ̀, iná inú rẹ̀ kò kọ̀, bí iná inú rẹ̀ kú, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò kú, a-lọ-ibi-tí-ọkọ̀-mìíràn-ti-ń-sá-bọ̀. Kì í ṣe irú ọkọ̀ afọ́yìnyín òde òní tí ń gun orí yìnyín lọ tí ó sì ń fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Agbára tirẹ̀ ni láti wá àlàfo láàárín yìnyín kan àti èkejì, kí ó ki imú bọ̀ ọ́, kí ó sì fara da ìfúnpọ̀ tí ì bá fọ́ ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túútúú. Ní ọdún 1884 ni ìjọba Amẹ́ríkà rà á láti fi lọ wá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Greely àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ti lọ sí òpin àríwá láti ọdún 1881. Nínú àwọn 25 tí ó lọ, méje péré ni a bá láàyè, ọ̀kan nínú méje náà kò sì délé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a fà á lé ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi tí ó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìṣúra ìjọba, àwọn tí a dà pọ̀ mọ́ àwọn agbẹ̀mílà etíkun ní ọdún 1915 tí wọ́n sì di Ẹ̀ṣọ́ Etíkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà títí di òní olónìí.

Láti ìgbà náà ni Bear ti ń lọ lọ́dọọdún sí òkun Bering, tí ó sì ń ré e kọjá bọ́ sí òkun Arctic. Òun ni ọlọ́pàá ibẹ̀, òun ni ilé ẹjọ́, òun ni ilé ìwòsàn, òun ni ó ń gbé lẹ́tà, òun ni ó sì ń kó àwọn tí ọkọ̀ wọn bá rì. Àwọn Iñupiat àti àwọn Yupik ni wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ilẹ̀ tí iṣu kò lè ta, tí àgbàdo kò lè yọ ọmọ. Ohun tí òkun bá bí ni wọ́n ń jẹ: àbùùbùtán, ẹran séálì, àti walrus, ẹran òkun ńlá tí eyín rẹ̀ méjèèjì gùn wá sí ìsàlẹ̀. Ẹran wọn ni oúnjẹ, awọ wọn ni wọ́n fi ń bo ọkọ̀, ọ̀rá wọn ni iná àtùpà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1848 ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń pa àbùùbùtán kọ́kọ́ gba ọrùn omi Bering kọjá, láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń rọ́ wá, tí wọ́n ń wá epo tí a ń tàn sí fìtílà, àti egungun ẹnu àbùùbùtán tí a fi ń ṣe aṣọ ìfúnnú fún àwọn obìnrin ìlú ńlá. Nígbà tí àbùùbùtán dín kù, wọ́n kọjú sí walrus. Wọ́n ń yìnbọn pa á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń kó eyín rẹ̀, wọ́n ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀, wọ́n sì ń ju ẹran sílẹ̀. Ẹran tí wọ́n ń jù sílẹ̀ yìí ni oúnjẹ ọmọ onílẹ̀. Ní erékùṣù St. Lawrence, láàárín ọdún 1878 sí 1880, ìyàn ńlá mú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kú, odidi abúlé sì dahoro. Àwọn kan ka ojú ọjọ́ búburú àti àìsàn àti ọtí àwọn oníṣòwò mọ́ ohun tí ó fà á, èmi kò sì bá wọn jiyàn; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yọ ìbọn àwọn apẹran òkun wọ̀nyí kúrò nínú ọ̀ràn náà.

Ọkùnrin tí ó di ọ̀gá ọkọ̀ Bear ní ọdún 1886 fi ojú ara rẹ̀ rí ebi yìí. Michael Healy ni orúkọ rẹ̀, n kò sì lè kọjá lára rẹ̀ láìdúró, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Adúláwọ̀ wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1839 ni a bí i ní Georgia, fún bàbá tí ó ti Írẹ́lándì wá tí ó ní oko àti ẹrú, àti fún Mary Eliza tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà. Ipò ìyá ni òfin Georgia fi ń mọ ipò ọmọ. Ẹrú ni ìyá, ẹrú ni ọmọ. Bàbá wọn kó wọn lọ sí àríwá kí òfin tó ká wọn mọ́, James ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà ní Portland ní ọdún 1875, Patrick ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mìíràn sì di olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga Georgetown ní ọdún 1874. Òkun ni Michael yàn. Òyìnbó ni àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ kà á sí, òun náà kò sì la ẹnu sọ ohun tí ó mọ̀ nípa ìyá rẹ̀. N kò ní bá a wí fún ìyẹn, nítorí ayé tí ó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kò fún un láyè láti jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ kí ó sì tún jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀. Èyí tí ó kàn mí ni pé ẹni tí òfin ti kà mọ́ ẹrù olówó rí ni ó wo àwọn tí ebi ń pa ní etí òkun yìnyín, tí ó sì rí wọn bí ènìyàn.

Òun àti Sheldon Jackson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ Presbyterian, ni wọ́n jọ rí i pé ní òdìkejì ọrùn omi náà, ní Siberia, àwọn Chukchi ń sin àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù, àti pé ohun yòówù tí òkun ìbá ṣe, ẹni tí ó ní agbo kò ní kú fún ebi. Ní ọdún 1891, Bear kó mẹ́rìndínlógún kọjá láti dán an wò; ní ọdún 1892, ó kó 171 wá sí Port Clarence, níbi tí a dá ibùdó kan sílẹ̀ láti kọ́ ọmọ onílẹ̀ ní iṣẹ́ darandaran. Mary, aya Artisarlook, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Iñupiaq tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ oníṣòwò ará Rọ́ṣíà, ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ọkọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ní agbo tirẹ̀. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe; lẹ́yìn ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àjèjì ti ń tú ilé oúnjẹ wọn palẹ̀, agbo yìí ni ó kọ́kọ́ fún ìdílé kan àti abúlé tí ó yí i ká ní ìdánilójú pé ọ̀la kò ní bá wọn lójijì.

Nígbà náà ni ọdún 1897 dé. Ìgbà òtútù yára wọlé ní ọdún náà, yìnyín sì ká ọkọ̀ mẹ́jọ tí ń pa àbùùbùtán mọ́ ìtòsí Point Barrow, ṣóńṣó orí ilẹ̀ Alaska ní àríwá. Ó fún méjì nínú wọn pa. Àwọn ènìyàn tí ó wà nínú gbogbo wọn tó 265, nígbà tí ìròyìn sì dé San Francisco, gbogbo ẹni tí ó mọ ibẹ̀ gbà pé oúnjẹ wọn kò lè dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ààrẹ McKinley pàṣẹ pé kí Bear lọ gbà wọ́n. Ọkọ̀ náà gbéra ní òpin oṣù kọkànlá lábẹ́ Ọ̀gágun Tuttle, nítorí a ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Healy ní ọdún 1896 lẹ́yìn tí a dá a lẹ́jọ́ lórí ọtí mímu. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè dé Point Barrow ní ìgbà òtútù, bí ó ti wù kí igi ara rẹ̀ le tó. Yìnyín dá Bear dúró níbi tí ó ṣì jìnnà gan-an sí ibi tí ó ń lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, àwọn ọ̀gá mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ ní Cape Vancouver pẹ̀lú ajá àti pátákó tí ajá ń wọ́ lórí òjò dídì: David Jarvis, Ellsworth Bertholf, àti dókítà ọkọ̀, Samuel Call. Nǹkan bí máìlì 1,500 ni ó wà níwájú wọn, nínú òkùnkùn ìgbà òtútù. Oúnjẹ tí ajá lè wọ́ kò lè tó ènìyàn 265 jẹ. A ní láti rí oúnjẹ tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní gbogbo ilẹ̀ náà àyàfi àwọn agbo àgbọ̀nrín, èyí tí ó tóbi nínú wọn sì wà lọ́wọ́ Artisarlook ní ìhà Cape Rodney, àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ń jẹ́ Tom Lopp ní Cape Prince of Wales.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níhìn-ín, kí a ro ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. A kò ní kí ó mú nínú ọ̀pọ̀ tí ó ní. Ìgbà òtútù ti mú, òkun ti dì, Artisarlook sì ní aya àti ẹbí àti àwọn ará abúlé tí wọ́n fi ojú sí agbo náà. A wá ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ fún àlejò, bí ìgbà tí a bá ní kí àgbẹ̀ kó gbogbo èbù rẹ̀ jáde nínú àká ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣú, kí òun fúnra rẹ̀ sì rù ú lọ sí ìlú mìíràn. Nítorí pé a kò fẹ́ ẹran nìkan. A fẹ́ kí Artisarlook bá wọn da agbo náà lọ, kí ó fi Mary sílẹ̀. Ta ni wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ fún? Àwọn apẹran òkun, àwọn kan náà tí ó pa walrus tán, tí ó sọ àgbọ̀nrín di ohun tí a kò lè ṣe aláìní.

Nínú ìròyìn tí Jarvis kọ fún ìjọba, ó hàn pé iṣẹ́ náà wúwo lọ́kàn rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Artisarlook ohun tí a fẹ́ fi àwọn ẹran náà ṣe. Ó sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé tinútinú rẹ̀ ni yóò fi yọ̀ǹda wọn, àti pé ìjọba yóò dá iye kan náà padà, yóò sì fi ẹ̀bùn lé e. Tọkọtaya náà wá kúrò lójú àlejò, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ohun tí wọ́n sọ ni pé àánú àwọn òyìnbó tí ó há sí Point Barrow ṣe àwọn, inú àwọn sì dùn láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Pé àgbọ̀nrín wọ̀nyí ni gbogbo ohun tí àwọn ní. Pé àwọn yóò yọ̀ǹda wọn, bí Jarvis fúnra rẹ̀ bá lè dúró fún ìpadàbọ̀ wọn.

Òwe wa kan sọ pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí a bá gbà pé gbogbo ayé kò ju òwe yìí lọ, kí Artisarlook kọ̀ ni ó tọ́, kí ó padà sí ìdí iná rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí yìnyín san ẹ̀san fún ọmọ St. Lawrence. Mo mọ̀ pé a lè dáhùn pé àwọn atukọ̀ tí ó há náà kì í ṣe olówó tí ó jẹ èrè epo àti egungun. Tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ó ni ọkọ̀ wà ní ibi tí òtútù kò dé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tálákà wọ̀nyí náà ni ó di ìbọn mú, n kò sì fẹ́ kí a fi ipò wọn wẹ̀ wọ́n mọ́ kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn fún wa. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé wọ́n jẹ̀bi. Lẹ́yìn tí a ti gbà bẹ́ẹ̀, mo sọ láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́ pé Artisarlook kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Bí ó bá kọ̀, kò sí ẹni tí ó lè pè é ní ìkà lábẹ́ ọ̀run. Àwọn ará ilé tirẹ̀ ń bẹ níwájú rẹ̀, Ọlọ́run kò sì fi àwọn ọmọ àjèjì ṣe ẹrù tí a gbọ́dọ̀ gbé ka orí wọn. Àwọn tí ń wàásù fún ẹni tí a fi ebi pa pé ojúṣe rẹ̀ ni láti bọ́ ẹni tí ó pa á lébi, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run parí iṣẹ́ tí ìbọn bẹ̀rẹ̀. Ibi tí gbèsè bá parí sí ni oore ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ oore di gbèsè ti gba ohun kan ṣoṣo tí ó kù lọ́wọ́ aláìní, ìyẹn ni agbára láti fúnni.

Bíbélì ní ìtàn kan tí ó sún mọ́ èyí ju ti aláàánú ará Samáríà lọ, nítorí pé ará Samáríà náà ní owó lápò àti ẹran tí ó ń gùn, nígbà tí ó sì san owó ilé àlejò tán, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Mo ń sọ nípa opó Sáréfátì tí Èlíjà bá ní ẹnu bodè tí ó ń ṣa igi, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, tí ó fẹ́ ṣe é jẹ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kí wọ́n sì kú. Wòlíì ní kí ó kọ́kọ́ ṣe tòun wá. Bí a bá ń ka ìtàn náà lónìí, a ti mọ̀ pé ìkòkò ìyẹ̀fun náà kò ní ṣófo, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀. Ṣùgbọ́n opó náà kò tí ì mọ̀ nígbà tí ó bu ìyẹ̀fun. Síbẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ Olódùmarè lẹ́nu wòlíì. Kí ni Artisarlook ní? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú omi kan tí òtútù ti jẹ ní ojú, àti ìlérí ìjọba kan tí olú ìlú rẹ̀ jìnnà réré sí etíkun Alaska. Jarvis kì í ṣe wòlíì, kò sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí bóyá tinútinú ni wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀ lóòótọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìjọba ni ó ń bẹ̀bẹ̀, ìjọba kan náà tí ó kó àgbọ̀nrín wọ ilẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yìí wúwo, n kò sì fẹ́ fò ó. Ẹ̀bẹ̀ tí ó bá ti ẹnu alágbára jáde kì í ṣàìní àṣẹ nínú, ní ilẹ̀ tí kò sì sí adájọ́ nítòsí, kò ṣòro fún ẹni tí ó ní ìwé ìjọba lọ́wọ́ láti kó agbo láìbéèrè. Ohun tí ó mú mi gbà pé tọkọtaya náà jẹ́ òmìnira ní wákàtí náà ni pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tiwọn kalẹ̀. Wọn kò gba ìlérí ìjọba gbọ́ bí a ti sọ ọ́. Wọ́n ní kí Jarvis fi ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ń bẹ̀rù kì í béèrè onígbọ̀wọ́. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje, Mary àti ọkọ rẹ̀ sì mọ òwe náà ní èdè tiwọn: ojú ènìyàn ni wọ́n wò, wọ́n rò ó, wọ́n sì dá ọjà náà. Mo sì fi ọ̀wọ̀ fún Jarvis lórí èyí ju orí gbogbo máìlì tí ó rìn lọ. Ó béèrè, ó sì dúró níta ìgbìmọ̀ wọn títí wọ́n fi parí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà pé ẹ̀mí 265 wà lórí ọ̀rọ̀ náà tí ọjọ́ sì ń lọ. Dáfídì ọba náà mọ ìyàtọ̀ yìí nígbà tí Áráúnà fẹ́ fún un ní màlúù àti ilẹ̀ ìpakà lọ́fẹ̀ẹ́ láti rúbọ. Ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Ọlọ́run. Ẹni tí ohun náà ti ọwọ́ rẹ̀ lọ, tí ó sì dùn ún, ni ó ni ẹbọ. Ọkọ̀ Bear gbé iṣẹ́ dé, Jarvis gbé ọ̀rọ̀ dé, ìjọba gbé ìlérí dé. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ṣe ojúṣe wọn, a sì san owó iṣẹ́ fún wọn. Oore náà, ti Artisarlook àti Mary ni, àti ti àwọn darandaran Cape Prince of Wales.

N kò ní fa ọ̀rọ̀ ìrìn náà gùn. Lopp fi ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín àwọn Iñupiat ní Wales, ó sì bá Artisarlook àti àwọn darandaran yòókù da àgbọ̀nrín tí ó lé ní irinwó la òjò dídì kọjá, títí kan orí òkun dídì Kotzebue tí kò sí ewéko kan tí ẹran lè jẹ. Jarvis àti Call ṣáájú, wọ́n sì wọ Point Barrow ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1898. Àgbọ̀nrín 382 ni ó dé lẹ́yìn wọn.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ó jẹ́ kí n máa ro ìtàn yìí títí di òní. Wọ́n ti rò pé òkú ni àwọn yóò bá. Òótọ́ ni pé àwọn atukọ̀ náà kún inú ilé ẹlẹ́gbin kan fọ́fọ́, tí àìsàn àìjẹ ohun tútù ti ń wú èrìgì àwọn mìíràn, Jarvis àti Call sì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe kí wọ́n tó tún ibùgbé àti ìlera wọn ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kò kú fún ebi. Charles Brower, tí ó ní ibùdó ìpàbùùbùtán kan ní Barrow, ti ṣètò oúnjẹ, àwọn ọdẹ Iñupiat ibẹ̀ sì ti ń wọ inú igbó òjò dídì lọ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti há, tí wọ́n ń pa àgbọ̀nrín ìgbẹ́ wá bọ́ àwọn àlejò náà. Àwọn ọdẹ wọ̀nyí kò gba lẹ́tà Ààrẹ. Kò sí ọ̀gá ọkọ̀ tí ó jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé. Kí àwọn tí a rán tó dé ni ọmọ onílẹ̀ ti gbé oúnjẹ fún àjèjì.

Àwọn kan fi èyí sọ pé asán ni Artisarlook fi agbo rẹ̀ sílẹ̀ fún. Èmi kò gbà. Bí a bá ń fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la wọn oore lánàá, a jẹ́ pé kò sí ẹ̀dá tí ó lè ṣe oore rí, nítorí Ọba tí ó mọ ọ̀la nìkan ni yóò mọ èyí tí ó yẹ kí a ṣe. Artisarlook ṣe ìpinnu rẹ̀ lórí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn kan ń kú lọ ní àríwá àti pé ohun tí ó lè gbà wọ́n wà lọ́wọ́ òun. Ohun tí ó ṣe pé pérépéré ní wákàtí tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rí àwọn ọdẹ Barrow kò sì bu ẹ̀rí tirẹ̀ kù. Ó fi hàn pé ohun tí ó ṣe kì í ṣe àdììtú ọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn yìí mọ òtútù, wọ́n mọ ebi, ní ìlú méjì tí ó jìnnà sí ara wọn, láìránṣẹ́ síra wọn, wọ́n sì dáhùn bákan náà.

Bear dé Point Barrow ní òpin oṣù keje ọdún 1898, nígbà tí yìnyín yàgò, ó sì kó àwọn tí kò ní ọkọ̀ mọ́ lọ sílé. Nígbà tí ó yá, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún Jarvis, Bertholf àti Call ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Orúkọ Artisarlook kò sí lára àmì kankan. Ìjọba dá àgbọ̀nrín padà gẹ́gẹ́ bí Jarvis ti ṣèlérí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò já sí irọ́. Bertholf di olórí Ẹ̀ṣọ́ Etíkun nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1915. Healy kú ní ọdún 1904, ọkọ̀ afọ́yìnyín ńlá kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, èyí tí ó dá lọ dé òpin ayé ní àríwá ní ọdún 2015 láìsí ọkọ̀ mìíràn tí ó là á lọ́nà. Ó dára pé ọmọ Mary Eliza ní ọkọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ì bá tún dára bí ọ̀kan bá ń jẹ́ Artisarlook.

Òun fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Ní ọdún 1900, àwọn tí ń wá wúrà ti rọ́ wọ Nome, àrùn èéyi sì tẹ̀ lé wọn wọ etíkun náà, ó sì pa á. Mary, tí kò ní ọmọ, jogún àgbọ̀nrín náà, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ bá a du ogún, àwọn òyìnbó kan sì ń dọdẹ agbo rẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó gbà á. Kò gbà fún wọn. Ó kó agbo rẹ̀ kúrò nítòsí àwọn awawúrà, ó ń ta ẹran fún ẹni tí ó bá san owó rẹ̀, ó gba àwọn ọmọ tí kò ní òbí tọ́, ó sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ darandaran tí ọkọ rẹ̀ mọ̀. Ó di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ó lówó jù ní Alaska, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Ọbabìnrin Àgbọ̀nrín títí ó fi kú ní ọdún 1948.